Ẹ Má Fi Fóònù Kan Ṣoṣo Dán Ètò Tuntun Wò O!

Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ kọ lẹ́tà sí mi lórí ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo rí lẹ́tà yín gbà. Àwọn tó yìn mí, mo dúpẹ́. Àwọn tó bú mi náà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, nítorí ẹni tí kò bá ka ohun téèyàn kọ, kò lè ráyè bú u.

Lára àwọn lẹ́tà náà, ọ̀kan wà tí mo kà lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló kọ ọ́ láti Ìlọrin. Ó ní òun ń kọ́ṣẹ́ títún fóònù ṣe. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan wá sọ fún òun pé ètò tuntun kan ń bọ̀ tí yóò máa darí fóònù, pé àwọn tó ń ṣe é ò tíì parí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, kó sì máa jayé orí rẹ̀ kí àwọn yòókù tó rí i. Ó wá bi mí pé: "Bùrọ̀dá akọ̀ròyìn, ṣé kí n gbé e sórí fóònù mi? Òun nìkan ni mo ní o."

Háà! Ọmọ yìí fọwọ́ kan mi níbi tó ń dùn mí. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Èmi tí ó ń bi yìí, mo ti ṣe é rí, ojú mi sì rí màbo. Àgbà tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará ìyókù lọ́gbọ́n. Èmi kì í ṣe àgbà, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n péré ni mí, ṣùgbọ́n mo ti jìn sí kòtò, ẹ jẹ́ kí n sọ bí inú ibẹ̀ ṣe rí.

KÍ LÓ Ń JẸ́ BẸ́Ẹ̀?

Kí n tó sọ tèmi, ẹ jẹ́ kí n là á yé àwọn ìyá wa àti bàbá wa tó jẹ́ pé ìpè nìkan ni wọ́n mọ̀ lórí fóònù. Fóònù tó wà lọ́wọ́ yín, gíláàsì, irin àti wáyà lásán ni. Ohun tó ń mú kó mọ̀ pé ẹ ti fọwọ́ kan òun, tó ń mú kó dún, tó ń mú kó tọ́jú fọ́tò ọmọ yín, ètò kan ni wọ́n kọ sínú rẹ̀. Àwọn olóyìnbó ń pè é ní operating system. Níbi tí a wà yìí, ẹ jẹ́ ká pè é ní ètò adarí. Lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ fóònù ọwọ́ wa, Android ti ilé-iṣẹ́ Google ni. Lórí iPhone, iOS ti ilé-iṣẹ́ Apple ni. Lórí kọ̀ǹpútà, Windows ti Microsoft ló wọ́pọ̀ jù. Linux náà wà, tí àwọn onímọ̀ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè jọ ń kọ, tí ẹnikẹ́ni sì lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́.

Ètò adarí kì í parí lọ́jọ́ kan. Bí ilé kíkọ́ ló rí. Wọ́n á kọ́kọ́ fi ìpìlẹ̀ sọlẹ̀, wọ́n á to búlọ́ọ̀kù, wọ́n á kan òrùlé. Ẹ̀dà tí wọ́n ń pè ní alpha, ilé tó wà lórí búlọ́ọ̀kù ni. Ẹ̀dà tí wọ́n ń pè ní bẹ́tà, òrùlé ti wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò tíì kan gbogbo ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á kun ún, tí wọ́n á wá kó kọ́kọ́rọ́ fún gbogbo ayé. Ẹni tó bá kó ẹrù rẹ̀ wọ ilé tí wọn ò tíì kan ilẹ̀kùn sí, kó má bínú bí òjò bá bá a lórí ibùsùn.

Ẹ ó bi mí pé, kí ló dé tí wọ́n fi ń fún aráàlú ní ohun tí kò tíì parí? Ìdí kan pàtàkì ni. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é ò lè ní gbogbo irú fóònù àti gbogbo irú áàpù tó wà láyé. Àṣìṣe tí wọn ò lè rí nínú ọ́fíìsì wọn, ẹni tó ń lò ó ní Kánò tàbí ní Lọ́ńdọ́nù lè rí i. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ gbà á, òṣìṣẹ́ wọn lẹ jẹ́, láìgba owó oṣù. Ẹ̀bùn kọ́ ni wọ́n fún yín o, iṣẹ́ ni wọ́n bẹ̀ yín.

BÍ TÈMI ṢE ṢẸLẸ̀

Ìgbà ọyẹ́ ọdún tó kọjá ni. Fóònù tí mo ń lò, owó oṣù mẹ́ta ni mo kó jọ kí n tó rà á. Mi ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, nítorí ẹ̀bi náà kì í ṣe tiwọn. Wọ́n kọ ìkìlọ̀ sílẹ̀ gbàǹgbà-gbangba. Èmi ni mi ò kà á.

Ẹnì kan ní ọ́fíìsì wa ló mú tirẹ̀ wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó ń fi yangàn. Àwọ̀ tuntun, lẹ́tà tuntun, gbogbo rẹ̀ ń dán gbinrin. Ó ní, "Ìwọ tó ń pe ara ẹ ní akọ̀ròyìn, o ò tíì rí èyí?" Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Lálẹ́ ọjọ́ náà, nínú yàrá mi ní Mọ́kọ́lá, mo gbé e sórí fóònù mi. Ìkìlọ̀ tí wọ́n kọ gùn tó ìwé ẹjọ́ kóòtù. Mo tẹ "mo gbà", mo tún tẹ "mo gbà", mo lọ sùn.

Ọjọ́ kìíní dùn. Mo gbé fóònù kiri bí ìyàwó tuntun. Ọjọ́ kejì, bátìrì tí mo gbà iná sí kún bámúbámú láàárọ̀, kó tó di agogo méjìlá ọ̀sán, ó ti ku díẹ̀ kó kú. Fóònù wá ń gbóná bí iṣu tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú iná. Ọjọ́ kẹta, àwọn tó bá pè mí ò gbọ́ ohùn mi mọ́. Èmi ń gbọ́ tiwọn, wọn ò gbọ́ tèmi. Ọ̀gá olóòtú wa pè mí lẹ́ẹ̀mẹrin, ó rò pé mo ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọjọ́ kẹrin ló burú jù. Mo jẹ àmàlà ní Dùgbẹ̀, ẹran mẹ́ta, mo fẹ́ fi fóònù san owó. Áàpù báǹkì mi kọ̀, kò ṣí. Ó ní òun ò mọ ètò tó wà lórí fóònù yìí, òun ò sì lè ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Mo pa fóònù, mo tún tàn án, bákan náà. Mo ṣàlàyé fún Màmá olóúnjẹ. Wọ́n wò mí láti òkè dé ilẹ̀, wọ́n ní: "Ọmọ mi, àmàlà tó wọ inú ẹ ò mọ̀ pé fóònù ẹ ń ṣàìsàn. Owó mi dà?" Aago ọwọ́ mi ni mo bọ́ sílẹ̀ fún wọn kí n tó kúrò níbẹ̀. Gbogbo èrò ibẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà lè rẹ́rìn-ín, mi ò bínú.

Ṣùgbọ́n ohun tó tẹ̀lé e kì í ṣe ẹ̀rín.

Mo pinnu pé ó tó gẹ́ẹ́, mo fẹ́ padà sí ètò àtijọ́ tó wà lórí fóònù mi. Ìgbà yẹn ni mo tó rí i pé lílọ rọrùn, bíbọ̀ ló ṣòro. Wọ́n ní kí n tó lè padà, gbogbo ohun tó wà nínú fóònù gbọ́dọ̀ pa rẹ́. Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀. Mo ní, kò burú, fọ́tò mi ń lọ sí ibi ìpamọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lójoojúmọ́, orúkọ àwọn èèyàn náà wà níbẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́. Ojú fóònù funfun báláú. Nígbà tó jí, ó ń kí mi bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí.

Ìgbà náà ni mo rántí Bàbá Òṣogbo.

Ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, mo ti lọ sí Òṣogbo lọ fọ̀rọ̀ wá bàbá kan lẹ́nu wò, gáàdì rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì. Wákàtí méjì ààbọ̀ ni bàbá fi bá mi sọ̀rọ̀, fóònù mi ni mo fi gba ohùn wọn. Fọ́tò nìkan ló ń lọ síbi ìpamọ́. Ohùn kì í lọ. Ohùn bàbá wà nínú fóònù yẹn nìkan, mo sì fi ọwọ́ ara mi pa á rẹ́.

BÀBÁ ÒṢOGBO SỌ̀RỌ̀

Mo wọkọ̀ padà sí Òṣogbo. Bí mo ṣe dé iwájú bàbá, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Wọ́n ní, "Dìde. Ta ló kú?"

Mo ní, "Kò sẹ́ni tó kú, sà. Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá mi sọ lọ́jọ́sí ló sọ nù." Mo wá ṣàlàyé bó ṣe jẹ́, ètò tuntun, ìdánwò, bí mo ṣe fẹ́ padà. Mo rò pé kò ní yé wọn. Bàbá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá bi mí pé: "Ṣé ohun tí o ń sọ ni pé ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣì ń dán wò, o lọ kó èrò sínú rẹ̀?"

Ẹnu yà mí. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, sà."

Bàbá ní: "Láyé tiwa, bí ẹ́ńjìnnì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi àtúnṣe dé, a kì í jẹ́ kí èrò wọ̀ ọ́. Òkúta là ń kó sínú wágọ́ọ̀nù. Á lọ síbi tí kò jìnnà, á bọ̀. Èmi gáàdì á jókòó sẹ́yìn, ìwé á wà lọ́wọ́ mi, ohùn kóhùn tí mo bá gbọ́, mà á kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú sójú ọ̀nà pẹ̀lú òkúta, òkúta ò ní bi wá pé kí ló dé. Ṣùgbọ́n bó bá kú pẹ̀lú èèyàn, èèyàn á bi ọ́."

Bàbá tún ìtàn náà sọ fún mi. Ọlọ́run á bá mi san án fún wọn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kìíní, wọ́n ti sọ nípa ọ̀rẹ́ wọn kan, ẹni tó ń dáná sí ẹ́ńjìnnì, bó ṣe kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lóru ọjọ́ kan, àti ohun tó sọ kó tó dákẹ́. Omi bọ́ lójú bàbá lọ́jọ́ náà. Nígbà tí a dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n gbọ́wọ́ sókè. Wọ́n ní, "Èyí tí mo sọ lọ́jọ́sí ti tó. Mi ò ní lè sọ ọ́ mọ́."

Ìtàn bàbá rélùwéè tí ẹ kà nínú ìwé ìròyìn yìí, tí ẹ kọ lẹ́tà pé ó dùn, ààbọ̀ rẹ̀ lẹ kà. Ààbọ̀ yòókù, èmi ni mo pa á rẹ́, nítorí pé mo fẹ́ fi àwọ̀ tuntun yangàn.

KÌ Í ṢE ÈMI NÌKAN

Ẹ má rò pé torí mi ò mọ̀wé púpọ̀ ló ṣe ṣe mí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti mú àwọn tó mọ̀ ju èmi lọ.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2008, àwọn tó ń dán Linux 2.6.27 wò rí nǹkan tó bani lẹ́rù. Àwọn kọ̀ǹpútà kan wà tí Intel ṣe ẹ̀rọ tó ń so wọ́n mọ́ àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn. Ẹ̀dà tí wọn ò tíì parí yẹn ń ba ohun tí wọ́n kọ sínú ẹ̀rọ náà jẹ́, ẹ̀rọ á sì dákẹ́ bí òkú. Ẹ̀dà ìdánwò Ubuntu, Fedora àti openSUSE tó gbé Linux yẹn rù, gbogbo wọn ni wọ́n ń kìlọ̀ fún èèyàn. Inú oṣù kẹwàá ni wọ́n tó rí ìdí rẹ̀. Ẹ mọ ohun tó fà á? Irinṣẹ́ kan tí wọ́n fi ń ṣọ́ bí ètò náà ṣe ń ṣiṣẹ́ ló ń kọ nǹkan síbi tí kò yẹ kó kọ ọ́ sí. Olùṣọ́ ló jó ilé! Ọ̀pọ̀ wa ló máa ń sọ pé, "Bí ètò bá bàjẹ́, mà á pa á rẹ́, mà á gbé òmíràn sí i, kí ló fẹ́ ṣe irin?" Ẹ ti rí i báyìí pé ó lè ṣe irin.

Ẹ tún gbọ́ ti oṣù kẹta ọdún 2021. Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland tó bẹ̀rẹ̀ Linux ní ọdún 1991, fúnra rẹ̀ ló ké gbàjarè lórí ẹ̀dà ìdánwò tó ń jẹ́ 5.12-rc1. Bí àyè bá há nínú ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ó máa ń kó ẹrù díẹ̀ sílẹ̀ sínú fáìlì kan lórí dísìkì, bí olóúnjẹ tó kó abọ́ tí kò gbà lórí tábìlì sílẹ̀. Ẹ̀dà yẹn ò mọ ibi tí fáìlì ọ̀hún wà dáadáa mọ́. Ó ń kó ẹrù rẹ̀ lé orí ẹrù ẹlòmíràn, ó ń tẹ fáìlì onífáìlì pa. Torvalds yí orúkọ ẹ̀dà náà padà, ó fi "dontuse" kún un, ìyẹn ni "ẹ má lò ó". Bí ẹni tó bí ọmọ bá fi "ẹ má bá a ṣeré" sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ, ẹ̀yin náà ẹ wò ó.

Ẹnì kan á ní, "Ó dáa, mà á dúró dìgbà tó bá parí, wàhálà tán." Ó sàn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹwàá ọdún 2018, Microsoft gbé àtúnṣe Windows 10 kan jáde fún gbogbo ayé. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n dá a dúró, nítorí pé ó ń pa ìwé àti fọ́tò àwọn kan rẹ́, pàápàá àwọn tó ti ṣí fódà wọn nípò padà. Ohun tó dunni jù níbẹ̀ ni pé àwọn kan lára àwọn olùdánwò ti kọ̀wé nípa rẹ̀ kó tó jáde. Lẹ́tà wọn rì sínú ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ lẹ́tà, kò sẹ́ni tó kà á sí. Oṣù kọkànlá ni àtúnṣe náà tó tún jáde. Bí èyí tí wọ́n pè ní pípé bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kí ni ká sọ nípa èyí tí wọ́n fẹnu ara wọn pè ní àìpé?

OLÈ TÓ FẸ́ GBA ẸNU Ọ̀NÀ ÌDÁNWÒ WỌLÉ

Èyí tí mo fẹ́ sọ báyìí ló wọ̀ mí lákínyẹmí ara jù. Ètò kékeré kan wà tó ń jẹ́ xz, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fún fáìlì pọ̀ kó lè kéré. Linux ń lò ó níbi púpọ̀. Ẹnì kan tó ń pe ara rẹ̀ ní Jia Tan bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn ṣiṣẹ́ láti ọdún 2021. Ó ń ṣe dáadáa, ó ń tẹríba, títí wọ́n fi gbọ́kàn lé e, tí wọ́n fi kó kọ́kọ́rọ́ fún un. Ní oṣù kejì àti oṣù kẹta ọdún 2024, ó fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pamọ́ sínú ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1, kí ẹni tó bá mọ àṣírí rẹ̀ lè gba ibẹ̀ wọ kọ̀ǹpútà onílé láìkan ilẹ̀kùn.

Ta ló kọ́kọ́ gba àlejò yìí sílé? Àwọn tó ń lo ẹ̀dà ìdánwò ni. Ó wọ ẹ̀dà Debian tí wọ́n ń pè ní sid, ó wọ Rawhide ti Fedora. Ẹ̀dà Debian tó ti parí, tí àwọn tó ń ṣọ́ra ń lò, kò débẹ̀. Ẹ sì mọ ẹni tí wọ́n fi sọ sid lórúkọ? Ọmọdékùnrin oníwàhálà inú fíìmù Toy Story ni, èyí tó máa ń já ohun ìṣeré sí wẹ́wẹ́. Wọ́n ti sọ fún wa látìgbà pípẹ́, a ò gbọ́ ni.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ dé ìdí. Ta ló mú olè náà? Ẹnì kan tó ń lo ẹ̀dà ìdánwò yẹn gan-an ni. Andres Freund lorúkọ rẹ̀, ẹnjiníà ní Microsoft. Ó ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́jẹ́ lórí Debian sid, ó wá rí i pé wíwọlé sínú kọ̀ǹpútà òun láti ọ̀nà jíjìn ti ń pẹ́ sí i ní nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá. Ìdajì ìṣẹ́jú àáyá o! Èmi àti ẹ̀yin ò ní mọ̀ ọ́n. Òun kò jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Ó tú u dé ìdí, ó sì kígbe fún gbogbo ayé ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2024, kí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yẹn tó dé àwọn ẹ̀dà tí ilé-iṣẹ́ ńláńlá gbẹ́kẹ̀ lé.

Ìdí nìyí tí mi ò fi ní sọ pé kí ẹnikẹ́ni má dán ètò tuntun wò mọ́. Bí kò bá sí olùdánwò, gbogbo wa la máa jọ kó sínú kòtò lọ́jọ́ kan náà. Ní ọdún 2023, Microsoft ya ọ̀nà kan sọ́tọ̀ fún ẹ̀dà Windows tó tutù jù, wọ́n sọ ọ́ ní Canary. Ẹyẹ kékeré kan ni canary. Àwọn awakùsà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń gbé e wọ inú ihò èédú, títí di ọdún 1986. Bí èéfín olóró bá wà níbẹ̀, ẹyẹ ló máa kọ́kọ́ dákú, àwọn èèyàn á sì sá jáde. Ẹyẹ yẹn wúlò púpọ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó fẹ́ ṣe ẹyẹ mọ̀ pé òun lòun ń ṣe ẹyẹ o, kó má lọ rò pé òun ni ọ̀gá awakùsà.

ÌMỌ̀RÀN TÈMI

Nítorí náà, àbúrò mi ní Ìlọrin, àti gbogbo ẹ̀yin tí irú rẹ̀ ń wù, ohun tí mo ní í sọ rèé.

Àkọ́kọ́, bí fóònù bá jẹ́ kan ṣoṣo, má dán an wò lórí rẹ̀. Apple fúnra rẹ̀ sọ pé orí ẹ̀rọ mìíràn tí iṣẹ́ ẹni ò dúró lé ni kí èèyàn gbé ẹ̀dà bẹ́tà sí. Wá fóònù àlòkù kan tí ojú rẹ̀ ti sán, tí ètò náà ṣì gbà lórí rẹ̀, kó òkúta sí i, bí Bàbá Òṣogbo ṣe wí. Má kó èrò sí i.

Ìkejì, ṣe àdàkọ gbogbo ohun tó wà nínú fóònù rẹ sí ibòmíràn kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Lórí iPhone, àdàkọ tí o bá ṣe lórí ẹ̀dà tuntun lè má ṣeé dá padà sórí ẹ̀dà àtijọ́. Bí o bá sì ti ṣe é tán, ṣí i wò. Fọ́tò wà níbẹ̀? Ohùn ńkọ́? Ìwé ńkọ́? Má ṣe bíi tèmi tó rò pé gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀.

Ìkẹta, kí o tó wọlé, wá ọ̀nà àbájáde. Lórí Android, bí o bá jáde nínú bẹ́tà kí ètò náà tó parí, fóònù á di òfìfo. Àmọ́ bí o bá ní sùúrù títí ẹ̀dà tó parí fi dé, o lè jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Ká ní mo mọ èyí ni, mi ò bá ti máa fi aago san owó àmàlà lọ títí ọjọ́ yẹn fi pé.

Ìkẹrin, má fi owó báǹkì, password, tàbí ọ̀rọ̀ àṣírí sórí ẹ̀rọ ìdánwò. Àwọn tó ni ètò náà máa ń béèrè pé kí ẹ̀rọ rẹ máa ròyìn fún àwọn ju bó ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ. Kò burú, iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ fún ọ nìyẹn, ṣùgbọ́n kí o mọ̀.

Ìkarùn-ún, bí o bá rí àléébù, kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wọn. Ẹni tó gba ẹ̀dà ìdánwò tí kò kọ nǹkan kan sílẹ̀, ó dà bí gáàdì tó sùn sẹ́yìn ọkọ̀.

Ìkẹfà, ìwọ lèyí bá wí jù, ìwọ tí ò ń kọ́ṣẹ́. Fóònù oníbàárà, o ò gbọdọ̀ gbé ẹ̀dà ìdánwò sórí rẹ̀ láéláé, kódà bó bá fẹnu ara rẹ̀ bẹ̀ ọ́, àfi tó bá ti gbọ́ gbogbo ohun tó lè tẹ̀yìn rẹ̀ wá. Ìyá àgbà kan lè gbé fóònù wá sọ́dọ̀ rẹ tó jẹ́ pé ohùn ọkọ rẹ̀ tó ti kú ló wà níbẹ̀. Kò ní sọ fún ọ. Ó rò pé gíláàsì lo fẹ́ pààrọ̀.

Ẹ má sì ṣi ọ̀rọ̀ mi gbọ́ o. Àtúnṣe tí ilé-iṣẹ́ fóònù yín bá parí, tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti dí ihò tí olè lè gbà wọlé, ẹ gbà á. Kíkọ ìyẹn náà léwu. Èyí tí wọn ò tíì parí ni mò ń bá wí.

Mo ti gba aago mi padà lọ́wọ́ Màmá olóúnjẹ ní Dùgbẹ̀. Ìgbàkígbà tí mo bá dé ibẹ̀ báyìí, wọ́n á kọ́kọ́ bi mí pé, "Fóònù ńkọ́, ara rẹ̀ ti le?" Mà á ní, "Ara rẹ̀ ti le, Màmá." Òótọ́ ni, ara fóònù ti le. Ohùn bàbá ni kò padà wá.

Ẹ̀yin tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí, ẹ kọ lẹ́tà sí mi, kí ẹlòmíràn lè fi tiyín kọ́gbọ́n. Bí Èdùmàrè bá dá ẹ̀mí wa sí, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ máa gbọ́ ìròyìn ayọ̀ o.